Gbádébọ̀ Kìíní: Ọba Tó Yá Rélùwéè Nílẹ̀

Kò sí téṣàn rélùwéè ní Ìjẹ̀bú-Òde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa níbí, àfi kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó ní 1896, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni irin náà gbà lọ sí Ìbàdàn. Ó fi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tiwa ń bá ọkọ̀ ojú omi àti ọjà Ẹ̀jìnrìn yí nìṣó, nígbà tí àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin.

Ọba tó wà lórí ìtẹ́ ní Abẹ́òkúta nígbà tí ọ̀nà irin náà parí dé Ìbàdàn ni Gbádébọ̀ Kìíní, Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá láti 1898 sí 1920. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Òun ni bàbá àgbà Aláké tó gorí oyè ní 2005, Ọba Adédọ̀tun Àrẹ̀mú Gbádébọ̀ Kẹta. Àwọn kan mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọba tó lọ kí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ òun àti irin ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ ni àdéhùn lórí ilẹ̀ tí irin máa gbà. Nígbà tó ku ọdún méjì kó wàjà, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ń fa irin yẹn kan náà tu kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọjọ́ méjèèjì yẹn ti lóye bí Abẹ́òkúta ṣe pàdánù òmìnira rẹ̀.

Adé tó bọ̀ wálé

Ní 1854 ni ìtàn sọ pé wọ́n bí Gbádébọ̀, ọdún tí bàbá rẹ̀, Òkúkẹ́nù, jẹ Aláké. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè tú orúkọ náà láìwo ìwé: gba, adé, bọ̀. Ìtàn ìdílé wà nínú rẹ̀. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò nínú igbó tí wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sábẹ́ òkúta Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Fún bí ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn jagunjagun àti àwọn Ògbóni ló ń darí ìlú. Òkúkẹ́nù ni Aláké àkọ́kọ́ tó jẹ ní Abẹ́òkúta. Adé ti bọ̀ wálé, wọ́n sì fi sọ ọmọ lórúkọ.

Adé náà kò tíì wúwo púpọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀gbá kì í ṣe ìlú ọba kan ṣoṣo. Ẹ̀gbá Aláké ní ọba tirẹ̀, Òkè-Ọnà ní Ọ̀ṣilẹ̀, Gbágùrá ní Àgùrá, Òwu ní Olówu. Lábẹ́ wọn, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní àwọn Ògbóni tirẹ̀, àwọn Ológun tirẹ̀, àti àwọn Pàràkòyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjà. Ohun tí Aláké bá fẹ́ ṣe, àfi kó bá gbogbo wọn sọ ọ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni Gbádébọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1862. Ní 1864, àwọn ọmọ ogun Dahomey wá gbógun ti Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kejì, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ìlú tó dàgbà sí gbà pé odi òun lágbára, pé kò sí ẹni tó lè wọlé bí onílé kò bá ṣílẹ̀kùn.

Ìjẹ̀bú jà, Ẹ̀gbá buwọ́ lùwé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìjẹ̀bú nìyí. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jọ di ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí òkè mú. Àlejò kò gbọ́dọ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Àwọn oníbodè ń gba owó bodè, àwọn oníṣòwò ìlú ló sì ń ṣe alárinà láàrin àwọn ará òkè àti àwọn ará etí òkun. Inú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó kò dùn sí i. Ní oṣù Karùn-ún 1892, wọ́n kó ogun wá bá Ìjẹ̀bú. Ní Ìmàgbọ́n, ìbọn Maxim tó ń yọ ọta bí òjò bá àwọn baba wa tó ń lo ìbọn àtijọ́. Ogun náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà sì ṣí tipátipá.

Àwọn Ẹ̀gbá rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní 1893, wọn kò bá a jà. Wọ́n jókòó, wọ́n bá a dúnàádúrà, wọ́n buwọ́ lùwé. Àdéhùn náà sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá yóò máa dá ara rẹ̀ ṣèjọba. Àwọn Ẹ̀gbá náà sì gbà pé àwọn kò ní ti ọ̀nà mọ́ láìjẹ́ pé gómìnà Èkó fọwọ́ sí i, àwọn kò sì ní fi ilẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba àṣẹ rẹ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tó yí Èkó ká, Abẹ́òkúta ni òmìnira rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti yọ nínú ìbọn Maxim. Ìwé ló kù tí wọ́n máa bá fà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1898, gómìnà mìíràn, Henry McCallum, rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó àwọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Báyìí ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá ṣe bẹ̀rẹ̀, Aláké sì ni alága rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Gbádébọ̀ gorí oyè. Ọkùnrin bí ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó bá ìgbìmọ̀ tuntun nílẹ̀, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi pátákó àti irin lànà gba inú oko àwọn ènìyàn rẹ̀ kọjá.

Ayálégbé tó gbé irin wá

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ni ilẹ̀ tí irin máa gbà. Ní Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé àwọn làwọn ni ín. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọn kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé 1893 wà nílẹ̀. Ní 1899, Gbádébọ̀ àti àwọn ìjòyè yá ìjọba Èkó ní ilẹ̀ tóóró tí rélùwéè máa gbà, fún ọdún 99. Wọn kò tà á.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú èdè wa, a mọ ìyàtọ̀ láàrin kí a yá ènìyàn ní nǹkan àti kí a ta nǹkan náà fún un. Àṣà ilẹ̀ wa náà mọ̀ ọ́n. Àlejò tó bá wá tọrọ ilẹ̀ oko, a máa ń fún un, yóò máa dáko, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yẹn kò ní láti pọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé onílẹ̀ ṣì wà, àti pé àlejò mọ̀ pé òun kọ́ ni onílẹ̀. Tí a bá fi ojú yìí wo àdéhùn 1899, Gbádébọ̀ gba rélùwéè bí ẹni gba ayálégbé. Ayálégbé ńlá ni, ó lówó, ó ní ìbọn, ṣùgbọ́n ayálégbé ṣáà ni. Kìkì pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ní ọ̀nà òfin Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó buwọ́ lù ú kò gbé inú èdè kan náà.

Irin náà fúnra rẹ̀ kò fẹ̀. Láti irin kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 ni, èyí tó dín sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ó dín owó kù. Ó kúrò ní Ìddó, ó gba Àgége àti Ìfọ̀, ó gba Wásinmi, ó dé Àrò. Lónìí, bí a bá dárúkọ Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Láyé ìgbà náà, ẹnu bodè ni, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù sórí odò Ògùn lọ sí Èkó. Nígbà òjò, omi á kún, ọkọ̀ á máa lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, ẹrù á bọ́ sórí àwọn alárùù. Téṣàn wà ní Àrò, lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì tẹ́ ẹ̀ka kúkúrú kan láti ibẹ̀ wọ inú Abẹ́òkúta. Ẹ̀ka yẹn kò gùn rárá, àmọ́ òun ló gbé rélùwéè dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ìlú.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí ọ̀nà irin náà láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ tí àwọn ènìyàn wa fún nǹkan tuntun yìí. Wọ́n ti ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kàn gbé omi kúrò, wọ́n fi irin síbẹ̀: ọkọ̀ ojú irin. Irin di odò tí omi rẹ̀ kì í fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kùrọ́, epo àti òwú ń dé Èkó láàrin ọjọ́ kan. Ní tòótọ́, Gbádébọ̀ rí èrè nínú rẹ̀. Owó bodè ni ìjọba rẹ̀ fi ń gbé ara ró, ọjà tó bá sì pọ̀ sí i, owó bodè náà á pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹrú ilé àti ìwọ̀fà ló sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn lọ bá iṣẹ́ irin, nítorí pé níbẹ̀, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ń gba owó sọ́wọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó ní oko ńlá ń ráhùn. Fún ẹrú tó sá, irin ni ọ̀nà àbáyọ. Fún olówó rẹ̀, irin ni olè. Ọba tó jókòó láàrin àwọn méjèèjì kò lè tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

Lọ́ńdọ̀nù, 1904

Ní 1902, Gbádébọ̀ rí ọkùnrin kan tó máa jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Adégbóyèga Ẹdun ni orúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Jacob Henryson Samuel ló ń jẹ́, òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ọ̀gá ilé ìwé ní Èkó, kó tó padà sí orúkọ Yorùbá. Ó di akọ̀wé àgbà fún Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá. Ohun tí ọba bá fẹ́ sọ fún gómìnà, ọwọ́ Ẹdun ló ń gbà. Ohun tí gómìnà bá kọ sí ọba, ẹnu Ẹdun ló ń gbà dé ààfin. Àwa tí a mọ ohun tí iṣẹ́ ògbufọ̀ jẹ́, a mọ̀ pé ẹni tó dúró sí ibi tí èdè méjì ti pàdé lágbára ju bí orúkọ oyè rẹ̀ ṣe rí lọ. Àwọn ará ìlú náà mọ̀ ọ́n, àwọn kan kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní 1904, Gbádébọ̀ àti Ẹdun wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Edward Keje gbà á ní ààfin Buckingham. Ó lọ sí Scotland, ilẹ̀ tí wọ́n ti bí MacGregor. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ kọ nípa aṣọ rẹ̀ àti adé rẹ̀. Kì í ṣe ìgbafẹ́ nìkan ló bá lọ. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1902 tó ń wá ibi tí òwú ti lè jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wọn ní Manchester àti agbègbè rẹ̀, Gbádébọ̀ sì fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ òun gbin òwú tí irin máa gbé lọ. Ó lọ gẹ́gẹ́ bí ọba tó ń bá ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà yẹn, 1904, ìwé mìíràn tún wáyé. Àdéhùn náà gbé àwọn ẹjọ́ ńlá bí ìpànìyàn, àti ẹjọ́ tó bá kan ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, lọ sí ilé ẹjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Rélùwéè kó àlejò wá, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn oníṣòwò Èkó, àwọn òyìnbó. Nígbà tí àlejò pọ̀, wọ́n ní àlejò nílò adájọ́ tirẹ̀. Ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́ nínú ilé onílé.

Onílẹ̀ di ajigbèsè

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé Gbádébọ̀ jókòó lásán. Ìjọba rẹ̀ la ọ̀nà mọ́tò, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, ó ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọba jáde. Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, ní àkókò tirẹ̀, ó sì wà títí dòní. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Èkó ń nàka sí Abẹ́òkúta pé: ẹ wò ó, ènìyàn dúdú lè ṣe ìjọba fúnra rẹ̀ láyé òde òní.

Ìlú fẹ́ omi ẹ̀rọ pẹ̀lú. Omi ẹ̀rọ nílò owó ńlá tí owó bodè kò lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti lọ yá a. Ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 1899, Gbádébọ̀ ló yá wọn nílẹ̀. Láàrin bí ọdún méjìlá sígbà náà, òun ló ń yá owó lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó jẹni lówó, bí a bá ní kó dìde, kò rọrùn fún un láti jókòó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1914, Frederick Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà kan. Òun kò fẹ́ràn kí ìjọba kan máa dá dúró láàrin ìjọba òun. Àyè ṣí sílẹ̀ fún un ní oṣù Kẹjọ. Àgbàlagbà kan tó ti ń ta ko àwọn aláṣẹ kú nígbà tó wà ní àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjemọ̀ tú jáde, wọ́n ní Ẹdun ni kí ìjọba lé lọ. Ọba àti Ẹdun ké sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànwọ́, wọ́n sì rán ọmọ ogun wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ìbọn dún ní Ìjemọ̀. Àwọn ìjòyè wà lára àwọn tó kú, títí kan Olúwo wọn.

Ìjọba tó ké sí ọmọ ogun ẹlòmíràn láti fi yìnbọn fún ọmọ ìlú rẹ̀ kò lè sọ mọ́ pé òun ń dá ara òun ṣèjọba. Ní oṣù Kẹsàn-án 1914, wọ́n fa àdéhùn 1893 ya. Òmìnira Ẹ̀gbá parí. Ilẹ̀ tí wọ́n yá rélùwéè ṣì ní bí ọdún 84 níwájú. Òmìnira ẹni tó yá a ni kò tó ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé.

Irin tí wọ́n fà tu

Lugard kò yọ Gbádébọ̀. Ó tilẹ̀ fi agbára kún agbára rẹ̀. Lábẹ́ ètò tuntun, Aláké nìkan ni aláṣẹ tí ìjọba mọ̀ lórí gbogbo Ẹ̀gbá. Kò ní láti wo ojú àwọn Ògbóni mọ́, kò ní láti bá Pàràkòyí jíròrò. Ojú òyìnbó tó wà lókè rẹ̀ ló kù tó máa wò. Adé tí kò wúwo láyé Òkúkẹ́nù ti wá wúwo gan-an, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló di okùn rẹ̀ mú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918, wọ́n pa owó bodè rẹ́, wọ́n fi owó orí rọ́pò rẹ̀. Owó bodè, oníṣòwò ló ń san án. Owó orí, gbogbo ènìyàn ni, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n tún ń mú àwọn ará oko ṣiṣẹ́ ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹfà, àwọn ará oko dìde. Ogun Àdùbí ni wọ́n ń pè é. Wọn kò wulẹ̀ pariwo. Wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n sì fa irin rélùwéè tu ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ọba tó jókòó pẹ̀lú Gbádébọ̀ nínú ìgbìmọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ irin? Ọ̀nà kan wà tí a fi lè sọ pé ọgbọ́n ogun ni: bí irin bá tú, ọmọ ogun kò ní tètè dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rò pé àwọn àgbẹ̀ yẹn mọ ìtàn ara wọn. Irin ló kọ́kọ́ gba oko wọn kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àlejò wọlé, lẹ́yìn ìyẹn gbèsè, lẹ́yìn ìyẹn ìbọn Ìjemọ̀, lẹ́yìn ìyẹn owó orí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé ayálégbé jáde, ẹrù tó kọ́kọ́ gbé wọlé ni wọ́n dì mú.

Ìjọba kó àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ láti ojú ogun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá bá wọn. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti parí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Wọ́n tún irin tẹ́, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹdun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbádébọ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́ fún ọdún méjì sí i, ó sì wàjà ní 1920. Ládàpọ̀ Adémọ́lá ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀, owó orí tí àwọn obìnrin ń san ló sì padà dá wàhálà sílẹ̀ fún òun náà. Òun ni ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fi tako o ní ìparí àwọn ọdún 1940, títí tó fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọdún 99

Báwo la ṣe máa ṣe ìdájọ́ Gbádébọ̀? Ó rọrùn fún ọmọ Ìjẹ̀bú láti sọ pé tiwa jà, pé tiwọn tẹríba. Èmi kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú jà ní 1892, ó pàdánù òmìnira rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ̀gbá buwọ́ lùwé, ó lo òmìnira tirẹ̀ fún bí ọdún mọ́kànlélógún sí i. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àṣìṣe rẹ̀, lójú tèmi, kò sí nínú pé ó yá rélùwéè nílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú pé ó yá a, tí kò tà á. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àwọn ará tirẹ̀ ni kò bá jíròrò mọ́. Ní 1899, àwọn ìjòyè jókòó tì í nígbà tó buwọ́ lùwé. Ní 1914, ìbọn ló fi dá wọn lóhùn. Onílẹ̀ tí ará ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lè sọ fún ayálégbé pé ó tó. Onílẹ̀ tó ti bá ará ilé rẹ̀ jà, ọ̀dọ̀ ayálégbé ló máa sá sí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, rélùwéè ṣì ń gbilẹ̀ ní agbègbè náà, ẹ̀ka kan sì yà ní Ìfọ̀ gba inú oko lọ sí Ìlaró. Nígbà tó yá, mọ́tò àti ọ̀nà ọ̀dà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin, koríko sì bo ibi púpọ̀. Bí a bá ka ọdún 99 láti 1899, 1998 ni ilẹ̀ yẹn ìbá padà sọ́wọ́ àwọn tó yá a. Kí ọdún náà tó pé, òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àṣẹ gómìnà rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin gan-an kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn mọ́ ní Nàìjíríà. Ayálégbé ti rẹ̀, onílẹ̀ sì ti yí padà.

Láti oṣù Kẹfà 2021, irin tuntun tó gùn ní kìlómítà 157 ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ó sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó tún gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, pe téṣàn rẹ̀ níbẹ̀. Owó tí a yá lọ́wọ́ ilẹ̀ China wà lára ohun tí a fi tẹ́ ẹ. Tí irin bá máa dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kan, inú mi á dùn, n ó sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé lórúkọ wa, kó kọ́kọ́ kà á fún wa ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, kó sì dúró gbọ́ èsì wa.